Ìwé Tí Ọmọ Náà Kò Lè Kà: Ọmọdé Níwájú Ilé Ẹjọ́ Ológun

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí agbẹjọ́rò kan sọ fún àwọn òbí, olùkọ́ àti ọ̀dọ́ agbẹjọ́rò ní Iléṣà

Alága ìjókòó, ẹ̀yin ìyá àti bàbá wa, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ òfin, ẹ kú ìjókòó o. Mo rí àwọn tó ti ìsọ̀ wọn ní Ọjà Àtàkúmọ̀sà kí wọ́n tó lè wà níbí. Owó lẹ fi sílẹ̀ yẹn, ẹ ṣeun.

Nígbà tí ẹnì kan gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, ó bi mí pé, "Lọ́yà, kí ló kan Iléṣà nínú ọ̀rọ̀ ọmọdé àti ilé ẹjọ́ ológun? Ṣebí ìjọba ṣọ́jà ti lọ?" Ìbéèrè gidi ni. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú yín dé Íjíbítì kí n tó dáhùn.

Ní oṣù kejì ọdún 2016, ilé ẹjọ́ ológun kan ní Cairo dá ẹ̀wọ̀n gbére fún ènìyàn 116 lẹ́ẹ̀kan náà, lórí rògbòdìyàn tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2014. Ìpànìyàn wà nínú ẹ̀sùn náà, bíba dúkìá ìjọba jẹ́ náà wà níbẹ̀. Orúkọ ọmọ kan wà lára àwọn 116 yìí tó jẹ́ pé lọ́jọ́ tí rògbòdìyàn náà ṣẹlẹ̀, kò tíì pé ọmọ ọdún méjì. Bóyá ọmú ló ṣì ń mu. Agbẹjọ́rò rẹ̀ ní àwọn ti mú ìwé ẹ̀rí ìbí rẹ̀ wá, síbẹ̀ wọ́n gbé ẹjọ́ náà lọ sọ́dọ̀ àwọn ológun, wọ́n sì dá a lẹ́jọ́ láìfojú kàn án. Gbogbo ayé rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni ayé bínú. Àwọn ológun wá jáde ní àṣìṣe ni, pé orúkọ ló jọra wọn, pé ẹni tí àwọn ń wá gan-an jẹ́ ọmọ ọdún 16.

Ibẹ̀ ni ìròyìn náà parí sí. Ó sì yà mí lẹ́nu títí di òní pé kò sẹ́ni tó tún bèèrè ohunkóhun. Ọmọ ọdún 16! Àtúnṣe tí wọ́n mú wá fún àṣìṣe wọn, ọmọdé náà ló tún wà nínú rẹ̀. Tí ìyẹn bá bọ́ lára ọmọ ọwọ́, ta ni yóò gba tọmọ ọdún 16 rò?

Ọ̀rọ̀ tí mo bá wá kò ju ẹyọ kan lọ. Ẹjọ́ ọmọdé máa ń ti bàjẹ́ kó tó dé iwájú adájọ́. Láàárín ìgbà tí wọ́n mú un àti ìgbà tó fọwọ́ sí ìwé, ibẹ̀ ló ti ń bàjẹ́. Ohun tó sì mú kí ilé ẹjọ́ ológun léwu fún ọmọdé ni pé ẹni tó mú un, ẹni tó fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, ẹni tó pè é lẹ́jọ́ àti ẹni tó máa dá a lẹ́jọ́, ọ̀gá kan náà ni wọ́n jọ ń kí. Ta ni yóò wá bi wọ́n léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ lóru ọjọ́ tí wọ́n mú un?

Ẹ jẹ́ ká fi òótọ́ fún olóòótọ́. Ilé ẹjọ́ ológun ní ìwúlò tirẹ̀. Ṣọ́jà tó sá níbi iṣẹ́, tó kọ àṣẹ, tó ta ìbọn ìjọba, wọ́n ní láti tètè bá a wí kí iṣẹ́ ogun má baà dàrú. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe tò ó. Lábẹ́ òfin àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ wa, ọ̀gá ológun ló ń pe kóòtù náà jọ, òun ló ń yan àwọn tó máa jókòó dájọ́, wọ́n á sì tún gbé ìdájọ́ náà padà lọ sọ́dọ̀ aláṣẹ ológun kó fọwọ́ sí i. Ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì la ti gba ètò yìí. Ní 1997, ilé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Yúróòpù wá sọ fún Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, nínú ẹjọ́ ṣọ́jà kan tó ń jẹ́ Findlay, pé kóòtù tí ọ̀gá kan ṣoṣo yan àwọn tó ń dájọ́ níbẹ̀, tó yan olùpẹjọ́, tó tún fọwọ́ sí ìdájọ́, kò lè pe ara rẹ̀ ní kóòtù tó dá dúró. Àgbàlagbà ni Findlay o, ó ti ja ogun Falklands. Bí kóòtù bẹ́ẹ̀ kò bá tọ́ sí ẹni tó ti rójú ogun, ẹ wá wo ọmọ tó ń ṣe JSS 3.

Òfin àgbáyé kò sì fi èyí pamọ́. Àdéhùn Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe ní 1989 sọ nínú abala 37 pé títi ọmọ mọ́lé ni ohun tí a ó ṣe kẹ́yìn, fún àkókò tó kúrú jù lọ tó ṣeé ṣe. Abala 40 fún un ní agbẹjọ́rò, ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, àti ẹ̀tọ́ pé kí ẹnikẹ́ni má fi ipá mú un jẹ́wọ́. Ìlànà ti Áfíríkà tó jáde ní 2003 ní ilé ẹjọ́ ológun kò gbọ́dọ̀ dá ẹjọ́ alágbádá rárá. Èyí tó sọ ọ́ ní ṣàkó jù ni ìlànà tí Emmanuel Decaux, ọmọ Faransé, kọ fún Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní 2006: ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, wọn kò gbọ́dọ̀ gbé e lọ síwájú ilé ẹjọ́ ológun lọ́nàkọnà. Ìlànà náà kò tíì di òfin tó de orílẹ̀-èdè kankan, ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó Àdéhùn Ẹ̀tọ́ Ọmọdé sì tún fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ múlẹ̀ ní 2019. Ó tó. Òfin pọ̀, ibi tí wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ ni mo fẹ́ fi hàn yín.

Ìwé tí mo ń wí ńkọ́? Àwa Ìjẹ̀ṣà mọ̀ nípa àwìn. Àwọn baba wa tí wọ́n ń pè ní òṣómàáló, tí wọ́n ń ru aṣọ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, tí wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó á fi jáde, ṣé ẹ rò pé ẹnì kankan nínú wọn á gbé aṣọ àwìn fún ọmọ ọdún 14? Á bi í pé, "Bàbá ẹ dà?" Ó mọ̀ pé ọmọdé lè ní "bẹ́ẹ̀ ni" sí ohunkóhun kí àgbà tó wà níwájú rẹ̀ ṣáà lè jẹ́ kó lọ. Òfin òwò náà gbà pẹ̀lú òṣómàáló: gbèsè tí ọmọdé bá tọwọ́ bọ̀wé lé lórí kì í sábà dè é. Àmọ́ ọmọ kan náà yìí, tí kò lè ra ọ̀pá aṣọ méjì láwìn, bí wọ́n bá fà á jáde lórí ẹní lóru, tí wọ́n gbé e síwájú ọkùnrin mẹ́ta tó gbé ìbọn, ìwé tó bá fọwọ́ sí níbẹ̀ lè gba ogún ọdún lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyẹn á sì múlẹ̀.

Ibi tí èyí ti di iṣẹ́ ojoojúmọ́, tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ sì pọ̀ jù, ni West Bank, ilẹ̀ àwọn ará Palẹstínì tí àwọn ológun Ísírẹ́lì ti ń ṣàkóso láti 1967. Òfin ológun ni wọ́n fi ń dá ẹjọ́ àwọn ọmọ Palẹstínì níbẹ̀. Ọmọ Ísírẹ́lì tó ń gbé ní ibùdó òdìkejì òkè, òfin alágbádá ni wọ́n fi ń dá tirẹ̀. Láti ọmọ ọdún 12 ni kóòtù ológun náà ti lè gbọ́ ẹjọ́ ọmọ. Jíju òkúta ni ẹ̀sùn tó wọ́pọ̀ jù. Nínú ìwé òfin, ó lè gba ẹ̀wọ̀n ọdún 10, bó bá sì jẹ́ ọkọ̀ tó ń sáré ni wọ́n jù ú sí, ó lè tó 20.

Ní 2013, UNICEF gbé ìwé kan jáde lórí rẹ̀. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé bí ọmọ 700, láti ọdún 12 sí 17, ni wọ́n ń mú lọ́dọọdún. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ rí báyìí: ṣọ́jà á dé lóru, wọ́n á fi okùn ọ̀rá de ọmọ lọ́wọ́, wọ́n á di ojú rẹ̀, wọ́n á gbé e lọ síbi tí wọ́n á ti fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò láìsí òbí, láìsí lọ́yà. Níkẹyìn wọ́n á gbé ìwé síwájú rẹ̀ ní èdè Hébérù, èdè tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gbọ́, kó fọwọ́ sí i. UNICEF ní ó jọ pé ìlòkulò náà gbilẹ̀, pé ó ti di ètò.

Kí n má ṣègbè, àwọn aláṣẹ ológun níbẹ̀ ti ṣe àtúnṣe. Ní 2009 wọ́n dá kóòtù ológun sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé lọ́tọ̀. Ní 2011 wọ́n gbé ọjọ́ orí àgbà kúrò ní 16 sí 18. Ojú lásán, ó dára. Ṣùgbọ́n ìwé UNICEF kan náà ṣàlàyé pé ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń gbà pé àwọn jẹ̀bi, torí pé ọ̀nà tó yá jù láti délé nìyẹn. Ẹni tó bá ní òun á jà, àhámọ́ ló máa wà títí ẹjọ́ á fi parí. Kóòtù ọmọdé wá wà lóòótọ́, àga wà níbẹ̀, adájọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ ẹjọ́ wo ló fẹ́ gbọ́? Wọ́n ti gbọ́ ọ tán lóru.

Amẹ́ríkà náà kò yọ. Omar Khadr, ọmọ Kánádà, jẹ́ ọmọ ọdún 15 nígbà tí ṣọ́jà Amẹ́ríkà mú un ní Afghanistan ní oṣù keje 2002. Wọ́n ní òun ló ju bọ́ǹbù tó pa ṣọ́jà wọn kan. Ọgbẹ́ rẹ̀ kò tíì jinná tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní Bagram, bárékè wọn níbẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí Guantanamo, ọgbà ẹ̀wọ̀n ológun Amẹ́ríkà ní Kúbà. Ó lé ní ọdún méjì kó tó fojú kan lọ́yà. Ní oṣù kẹjọ 2010, adájọ́ ológun ní ohun tó ti ẹnu rẹ̀ jáde nígbà náà, ẹ̀rí ni, kóòtù á lò ó. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, Khadr ní òun jẹ̀bi. Àwọn ológun tó jókòó lé e lórí ní kó lọ ṣẹ̀wọ̀n ogójì ọdún, àdéhùn tó ti bá olùpẹjọ́ ṣe ló sọ ọ́ di mẹ́jọ. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Kánádà sì ti sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yẹn pé bí àwọn òṣìṣẹ́ Kánádà fúnra wọn ṣe lọ fọ̀rọ̀ wá ọmọ náà lẹ́nu wò láìsí lọ́yà, lẹ́yìn tí àwọn ará Amẹ́ríkà ti fi àìsùn dá a lóró, kò bá ìlànà tó yẹ ọmọdé mu rárá. Ní 2017 ìjọba Kánádà tọrọ àforíjì, ó sì san owó ìtánràn. Ọmọ ọdún 15 tí wọ́n mú ti di ẹni ọgbọ̀n ọdún.

Àwọn kan nínú yín ti ń wò mí bíi pé òkèèrè ni mo ń sọ. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sílé.

Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà nígbà náà rántí ayé Decree, òfin tí ìjọba ológun ń fi àṣẹ gbé jáde. Decree 5 ti 1984 ló gbé ẹjọ́ ìdigunjalè fún tiribúnà ẹlẹ́ni mẹ́ta: adájọ́ kan, ológun kan, ọlọ́pàá kan. Gómìnà ológun ló ń fọwọ́ sí ìdájọ́ náà, kò sì sí kọ̀tẹ́mìlọ́rùn. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn kí ẹ gbọ́ èyí. Ní 1988, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ wa ní Nàìjíríà là á mọ́lẹ̀ pé ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 17 nígbà tó dá ọ̀ràn, wọn kò gbọ́dọ̀ dájọ́ ikú fún un. Ìdájọ́ tó dára gan-an ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí tiribúnà bá dá lẹ́jọ́ kò lè dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ. Ní ọjọ́ 31 oṣù keje 1997, wọ́n pa ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí tiribúnà dá lẹ́bi olè jíjà. Amnesty International, àjọ ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ ọdún 15 ni nígbà tí wọ́n ní ó jalè, pé ọdún 17 ló wà lọ́jọ́ tí wọ́n pa á. Òfin tó lè gbà á wà. Ọ̀nà tó lọ síbi tí òfin náà wà ni wọ́n dí. Ìgbìmọ̀ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Áfíríkà sì dá Nàìjíríà lẹ́bi láàárín ọdún wọ̀nyẹn lórí ohun kan náà, nínú ẹjọ́ àwọn mìíràn tí tiribúnà dájọ́ ikú fún: pé ẹ kò lè gba ẹ̀mí ènìyàn kí ẹ sì ní kò gbọ́dọ̀ kọ́tẹ́mìlọ́rùn.

Lẹ́yìn 1999 àwọn tiribúnà yẹn kásẹ̀ nílẹ̀. Ní 2003 a ní Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé. Ẹni tí kò tíì pé 18 ọmọdé ni. Abala 204 ní wọn kò gbọ́dọ̀ gbé ọmọ sínú ètò ẹ̀sùn ọ̀daràn ti àwọn àgbà rárá. Kóòtù Ẹbí ló ni ẹjọ́ rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun náà ti sọ ọ́ di òfin tirẹ̀. A dúpẹ́.

Nígbà náà, kí ló ṣẹlẹ̀ ní ìlà oòrùn àríwá? Láàárín 2013 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2019, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ka ọmọ tó ju 3,600 lọ tí àwọn ológun wa tì mọ́lé lórí ọ̀rọ̀ Boko Haram, ọ̀pọ̀ wọn ní bárékè Gíwá ní Maiduguri. Àwọn míì, wọ́n kàn ń sá fún Boko Haram ni wọ́n bọ́ sọ́wọ́ ṣọ́jà. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn kò rí kóòtù kankan, ì báà ṣe ti ológun, ì báà ṣe ti alágbádá. Èmi a máa sọ fún àwọn ọ̀dọ́ agbẹjọ́rò pé èyí burú ju ilé ẹjọ́ ológun lọ. Ilé ẹjọ́ ológun, bó ti wù kó ṣègbè tó, ó ní nọ́ńbà ẹjọ́, ó ní ọjọ́ ìjókòó, lọ́yà lè gbé nǹkan kan dání lọ síbẹ̀. Bárékè kò ní nǹkan kan. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án 2022, ìjọba wa àti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí àdéhùn pé ọmọ tó bá bọ́ sọ́wọ́ ológun lójú ogun, kó tó pé ọjọ́ méje, kí wọ́n ti fà á lé àwọn alágbádá lọ́wọ́. Ọjọ́ méje ṣì gùn lójú tèmi. Síbẹ̀, ó sàn ju ọdún mẹ́ta lọ dáadáa.

Ẹ má sì rò pé aṣọ ṣọ́jà nìkan ló ń ṣe é. Gbogbo wa rí i lórí tẹlifísàn ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá 2024, ní ilé ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá. Àwọn ọmọ tí wọ́n kó nígbà ìwọ́de oṣù kẹjọ, wọ́n gbé wọn dé lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́ta, wọ́n ti gbẹ bí igi. Àwọn kan ṣubú lulẹ̀ níwájú adájọ́. Ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ sí ìjọba ni wọ́n kà sí wọn lọ́rùn, béèlì wọn sì jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ tí owó oúnjẹ gbé jáde nílé! Ààrẹ ló ní kí wọ́n dá wọn sílẹ̀ lọ́jọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà. Inú mi dùn pé wọ́n délé. Kò dùn mọ́ mi pé ó di ọ̀rọ̀ àánú Ààrẹ, nítorí Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti wà láti 2003, kò sì yẹ kí wọ́n dé kóòtù yẹn rárá.

Orílẹ̀-èdè mìíràn ti tún tiwọn ṣe. Ní Kóńgò ti Kinshasa, ní oṣù kìíní ọdún 2000, kóòtù àwọn ológun dájọ́ ikú fún ọmọ ọdún 14 kan tí wọ́n ti sọ di ṣọ́jà, kò sì ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ lẹ́yìn ìdájọ́ tí wọ́n fi pa á. Ní 2002, wọ́n kọ òfin ìdájọ́ ológun tuntun. Abala 114 rẹ̀ ní ilé ẹjọ́ ológun kò ní agbára kankan lórí ẹni tí kò tíì pé 18. Ìlà kan péré ni. Ogun ṣì ń jà nígbà tí wọ́n kọ ọ́, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ fún wa pé ó dìgbà tí ìlú bá rọ̀ kí a tó lè ṣe é.

Lẹ́yìn tí mo sọ̀rọ̀ débí, àwọn ènìyàn bèèrè ìbéèrè. Bàbá kan tó ti ṣe iṣẹ́ ológun rí dìde. Wọ́n ní, "Lọ́yà, ọmọ tó gbé ìbọn, tó yìn ín lu ọmọ ẹlòmíràn, ṣé kí a máa fún un ní bísíkíìtì ni?" Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìbéèrè bàbá kì í ṣe àwàdà. Mo ní, "Rárá, bàbá mi. Kò sẹ́ni tó ní kí a má bá ọmọ wí. Ẹni tó máa bá a wí, àti ọ̀nà tó máa gbà, là ń jà lé lórí." Sierra Leone rí ọmọ tó gbé ìbọn ju bí ẹnikẹ́ni ti fẹ́ rí lọ. Òfin kóòtù pàtàkì tí wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀ lẹ́yìn ogun gba kóòtù náà láàyè láti gbọ́ ẹjọ́ ẹni tó ti pé ọdún 15. Olùpẹjọ́ àgbà ní 2002 ní òun kò ní pe ọmọdé kankan lẹ́jọ́, pé àwọn tó kó ìbọn lé wọn lọ́wọ́ ni òun ń wá. Ilé ẹjọ́ ìwà ọ̀daràn àgbáyé tó wà ní The Hague pàápàá, òfin rẹ̀ ní kò gbọ́dọ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹni tí kò pé 18 nígbà tó dá ọ̀ràn. Bàbá náà mi orí. N kò mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ mi wọ̀ wọ́n létí tàbí wọ́n kàn bọ̀wọ̀ fún mi ni.

Ìyá kan tó ń ta aṣọ ló bèèrè èyí tó ṣe pàtàkì jù: "Bí wọ́n bá mú ọmọ mi lónìí ńkọ́, kí ni mo fẹ́ ṣe?"

Mo ní kí wọ́n lọ wá ìwé ẹ̀rí ìbí rẹ̀ lónìí, kó tó di pé ẹnikẹ́ni mú un. Ẹni tí kò bá ní, kó lọ sọ́dọ̀ àjọ ìkànìyàn, kó gbà á. Bí kò bá sí ìwé, àwọn tó mú ọmọ ló máa fojú díwọ̀n ọjọ́ orí rẹ̀, irùngbọ̀n mẹ́ta péré sì ti tó láti sọ ọ́ di ẹni ogún ọdún. Ẹ kọ́ ọmọ náà ní gbólóhùn kan: "N kò ní sọ nǹkan kan títí òbí mi àti lọ́yà á fi dé." Abala 35 ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ló fún un láṣẹ. Ẹ tún kọ́ ọ pé kó má fọwọ́ sí ohun tí kò lè kà. Nínú iṣẹ́ mi, mo ti rí sítátímẹ́ǹtì tí Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ dán bíi ti ìwé ìròyìn, tí wọ́n ní ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ mẹ́káníìkì ló sọ ọ́, ọmọ tí kò lè sípẹ́ẹ̀lì orúkọ àdúgbò rẹ̀.

Bí wọ́n bá ti mú un, ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí sílẹ̀, ibi tí wọ́n ti mú un, irú aṣọ tí wọ́n wọ̀ àti nọ́ńbà ọkọ̀ wọn. Bí kò bá sí owó lọ́yà, ẹ wá Legal Aid Council. Bó bá sì jẹ́ ọwọ́ ológun ló wà, kí ẹ má dúró kí wọ́n pè yín. Òfin ìlànà tó wà fún gbígba ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, tó jáde ní 2009, gba ẹnikẹ́ni láàyè láti gba orúkọ ẹlòmíràn lọ sí kóòtù. Kò dandan kó jẹ́ òbí: olùkọ́ lè ṣe é, ọ̀gá tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ lè ṣe é. Ìlànà náà ní kí kóòtù fi ìgbẹ́jọ́ sí àárín ọjọ́ méje tí wọ́n bá ti fi ìwé ẹ̀bẹ̀ náà sílẹ̀. Ilé Ẹjọ́ Gíga ti ìpínlẹ̀ wà níbí ní Iléṣà, ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Òṣogbo, àwọn méjèèjì ló sì lè gbọ́ ọ.